Ẹ kọ́kọ́ yẹ síìmù màmá yín wò kẹ́ ẹ tó ṣí láptọ́ọ̀pù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní màmá yín tó wà ní Mọ́lípà, Ìjẹ̀bú-Òde, ti pé ẹni ọdún 72, ẹ ti fi láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sí wọn láti London, wọ́n sì fẹ́ máa fi ìròyìn ilé àti fọ́tò Ojúde Ọba ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀yin ọmọ. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ fi wọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, àti pé èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nínú e-mail àti WhatsApp. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ro tèmi fún yín ná, torí ohun tí ẹ bèèrè yẹn kọ́ ló máa dà yín láàmú.

Bàámi ni mo kọ́ ní tèmi. Ìpẹru ni wọ́n ń gbé, táípíìsì ni wọ́n sì jẹ́ ní kóòtù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tẹ táípúráítà, kí ló tún kù tí kò mọ̀?

Ká tó délé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ná: ẹ má dán an wò. Mo san owó oṣù kan fún bàámi níbì kan ní Ṣágámù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, wọn ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan máòsì. Nóòtì ni wọ́n ń kọ. "Charles Babbage ni bàbá kọ̀ǹpútà." Wọ́n ya àwòrán CPU, wọ́n kọ orúkọ sí i lára bí ọmọ sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ tó ń múra JAMB ni wọ́n jókòó láàárín wọn, olùkọ́ náà kò sì ju ọmọ ọdún 22 lọ, ó ń pe bàámi ní "Daddy" bó ṣe ń jágbe mọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, bàámi délé, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ní, "Mo ti mọ bàbá kọ̀ǹpútà o. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ni mi ò tíì mọ̀." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ náà ṣe nìyẹn, ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan tí mo bá ti Èkó wálé.

Kíbọ́ọ̀dù ò yọ wọ́n lẹ́nu. Kódà, agbára tí wọ́n fi ń gbá a, mo ń bẹ̀rù pé yóò là sí méjì. Máòsì ni ọ̀tá wọn. Wọ́n á gbé e sókè kúrò lórí tábìlì, wọ́n á nà án sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń fi rìmóòtù yí tẹlifíṣọ̀n. Kíkàn án lẹ́ẹ̀mejì tete-tete kò ṣeé ṣe fún ìka tó ti ń gbọ̀n díẹ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tẹ Enter. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí màmá yín máa ta káàdì Solitaire fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Fífi ọ̀rọ̀ sí ńlá, ẹ mọ ìyẹn, Ctrl àti àmì àròpọ̀ ni.

Àṣà táípúráítà tún wà. Wọ́n ń tẹ Enter ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ bébà padà. Mo pa ìyẹn tì. Èyí tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ táípúráítà àtijọ́ kò ní bọ́tìnì 1. Lẹ́tà l kékeré ni wọ́n ń tẹ̀ dípò ẹ̀. Bàámi fúnra wọn ló ṣí e-mail wọn, wọ́n sì fi ọdún ìgbéyàwó wọn sínú páásíwọ́ọ̀dù: 1971. Lójú tiwọn, l97l ni. Wọ́n kà á fún mi lórí fóònù, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹ fi í sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọdún 2019 ni. Bàámi gun ọ̀kadà láti Ìpẹru lọ sí Ṣágámù, fóònù sì já bọ́ lápò wọn. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, síìmù la máa lọ gbà padà, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ kan kẹ̀! Ọjọ́ 23 ló gbà wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti dé ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì náà. Inú páálí bisikíìtì ni wọ́n ti gé nọ́ńbà ìtò tí wọ́n ń pín fúnni. Aago kan ọ̀sán kọjá kó tó kàn wá. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó wo bàámi, ó tún wo kọ̀ǹpútà. "Daddy, orúkọ yín kọ́ ló wà níbí o." Orúkọ ta ni? Orúkọ ọmọkùnrin tó ta síìmù náà fún wọn lábẹ́ agboòrùn ní gáréèjì ni! Nígbà náà lọ́hùn-ún, kí wọ́n má baà pẹ́ lórí ìlà, ìka ara wọn ni àwọn ọmọ yẹn máa ń tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, wọ́n á sì ta síìmù fún yín lọ́wọ́ kan. Mo fi káàdì ìdìbò bàámi hàn án. Mo ka nọ́ńbà mẹ́wàá tí wọ́n ń pè déédéé fún un. Ó ní, "Ẹ lọ mú ẹni tó ni láìnì wá." Bàámi ní, "Èmi ni mo ni ín." Ó ti ń pe nọ́ńbà ẹni tó tẹ̀ lé wa.

Nígbà tí a padà lọ, ọ̀gá kan ní ká lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù, ká sì gba ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn. A gba méjèèjì. Mi ò ní sọ iye tí wọ́n ń pè ní owó bébà ní tẹ́ṣàn, torí inú mi á tún ru. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíì ló jókòó sí káńtà. Ó fi ìka kan ti ìwé ìbúra wa sẹ́yìn. "Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ gba èyí?" Mo ní ẹni tó jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ Tuesday ni. Ó ní ẹni náà kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bàámi bí wọ́n ṣe dúró síbẹ̀. Iye ìwé ìbúra tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ fún ẹlòmíì láyé wọn kò lóǹkà, tiwọn kan ṣoṣo ni wọn kò gbà.

A wá ọmọkùnrin yẹn títí a fi rí i ní Ìlíṣàn. Ó ti di bíríkìlà. Mo san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún un, mo san owó ọ̀kadà, ó tẹ̀lé wa lọ sí ọ́fíìsì, ó tẹ̀ka. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Láàárín ọjọ́ 23 yẹn ni àbúrò bàámi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà jáde láyé. Òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ọmọ ẹ̀ gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí, ó ya àbẹ́là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún kọ e-mail sí bàámi lọ́tọ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tó ń sunkún dáhùn. Mo kà á ní Èkó. Ẹ mọ̀ pé a kì í sáré túfọ̀ àbúrò fún ẹ̀gbọ́n. Mo bá àwọn àgbà ẹbí méjì sọ̀rọ̀ pé lọ́jọ́ Sátidé, a jọ máa lọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ po kí wọ́n tó kan ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìbátan wa kan pàdé bàámi lójú títì. "Bọ̀dá, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. A rí i lórí WhatsApp." Bàámi ní, "Ta ló kú?"

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn délé. Nígbà tí mo fi fóònù aládùúgbò bá wọn sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan ni wọ́n sọ: "Ṣé ìwọ náà ti mọ̀?" Mi ò rí ohun tí mo lè fi dáhùn.

Mi ò bá ọmọ tó gbé e síta jà. Ó rò pé bàámi ti rí i ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó rán an létí láti tẹ ìka mọ́ ọ̀rọ̀ náà títí tí Info fi máa yọ. Níbẹ̀ ni WhatsApp ti ń sọ fún ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, òun nìkan, ẹni tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ àti ẹni tó ti kà á. Orúkọ bàámi kì bá tí sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, nínú ẹbí tiwa, ìkómọ, èsì ìdánwò, ilé tuntun, ẹ jù ú sórí WhatsApp nígbàkúùgbà. Ikú àti àìsàn kò gbọdọ̀ débẹ̀ títí ẹnì kan á fi fi ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbà tó kàn. Ẹ bá àwọn àbúrò yín sọ ọ́ kí màmá tó wọlé síbẹ̀.

E-mail ńkọ́? Ṣebí láptọ́ọ̀pù wà. Láptọ́ọ̀pù ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, torí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó sì fọ gbogbo inú ẹ̀ mọ́ láì bi ẹnikẹ́ni. (Ẹ má fún àwọn "injinía" yìí ní ẹ̀rọ láì kọ ọ́ sí bébà pé wọn ò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́.) Mo ń gbìyànjú láti ṣí i fún wọn láti Èkó, 1971, 1971, Google ní rárá. Nígbà tí bàámi fọwọ́ ara wọn tẹ l97l, ó gbà, ó wá ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù wọn láti mọ̀ bóyá àwọn ni. Fóònù wo? Èyí tó wà lójú títì Ṣágámù.

Nítorí náà, ẹ mú síìmù màmá ṣáájú ohun gbogbo. Láti oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba ti ní ká so síìmù mọ́ NIN, ṣùgbọ́n pé wọ́n so ó kò túmọ̀ sí pé orúkọ bára mu. Ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí ìwé NIN wé ti síìmù, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Lórí WhatsApp, ẹ fi PIN onínọ́ńbà 6 sí i. Google máa ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá, tí èèyàn lè fi wọlé tí fóònù kò bá sí, tí ẹ bá ti tan ìfìdímúlẹ̀ onígbésẹ̀ méjì (2-Step Verification). Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ fi sínú Bíbélì tàbí Kùránì wọn. Kì í ṣe inú láptọ́ọ̀pù o.

Ẹ sì so WhatsApp wọn mọ́ láptọ́ọ̀pù. Nígbà tiwa, tí fóònù bá ti kú, WhatsApp orí láptọ́ọ̀pù náà kú nìyẹn. Ní báyìí, ó lè ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ 14 láì sí fóònù ní tòsí. Ká ní ó wà bẹ́ẹ̀ ní 2019 ni.

Màmá yín wà ní régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí wọn ní Ìjẹ̀bú, àbí? Tó bá ku oṣù kan kí ọdún Iléyá wọlé, ẹnì kan lè pè wọ́n pé òun fẹ́ fi wọ́n sí ìlà aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, kí wọ́n ka nọ́ńbà 6 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn fún òun. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn ti gbé WhatsApp ẹ̀ fún olè. Olè náà á sì máa yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin ọmọ lórúkọ màmá. Ẹ sọ fún wọn pé nọ́ńbà yẹn, wọn ò gbọdọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin fúnra yín.

Bàámi ti wá le jù mí lọ lórí èyí. Lọ́jọ́ 13 oṣù Keje 2025 tí Awùjalẹ̀ wàjà, fóònù gbogbo èèyàn ló ń dún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Wọ́n kọ̀, wọn ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tan rédíò, wọ́n jókòó tì í.

Ó jọ pé mo ti fẹ́ gbàgbé ìbéèrè yín. WhatsApp lórí láptọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí inú fóònù ni fọ́tò Ojúde Ọba á ti wà, kíbọ́ọ̀dù ńlá á sì gba ìka wọn lọ́wọ́ ìyà. E-mail á tẹ̀ lé e tí wọ́n bá fẹ́ kọ lẹ́tà gígùn. Nínú Gmail, ẹ sún Undo Send dé ìṣẹ́jú àáyá 30, ìka àgbà máa ń ṣìṣe. Ní báyìí, bàámi ń kọ ìròyìn ilé sí wa ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú: ẹni tó bímọ, iye tí wọ́n ń ta gàrí, ẹni tó se ìkókóre tí kò ránṣẹ́ pè wọ́n. Enter ṣì wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń ṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ lórí fóònù wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á.

Tí ẹ bá pe màmá lálẹ́ òní, ẹ bá mi bi wọ́n ná: lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti ra síìmù yẹn, ìka ta ni wọ́n sì tẹ̀ sí i?