Ṣé ọ̀gá iṣẹ́ lè ní kí n má gbé ìbọn mi wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́, bí mo tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ fún yín láyè láti ní ìbọn, kò sọ ọgbà olóhun di tiyín.

Ibi tó le jù ni kí ẹ gbé e fún ẹlẹgbẹ́ yín pé kó bá yín tọ́jú ẹ̀ títí ẹ ó fi ṣíwọ́. Bí òun kò bá ní ìwé, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ẹjọ́: owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò lè dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Owó yẹn ò tó nǹkan mọ́ o, ẹ̀wọ̀n ni kí ẹ wò. Ṣakabùlà tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ náà ń gba ìwé lábẹ́ òfin ìbọn ti 1959.

Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ló gbà yín, òfin 1986 ti kọ̀ ọ́ pátápátá: ẹ kò gbọdọ̀ gbé ìbọn sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọlọ́pàá ló ń gbébọn níwájú báńkì.

Ti èyí tí àwọn kan ń sọ, pé òṣìṣẹ́ lè ti ìbọn rẹ̀ mọ́ inú mọ́tò nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, òfin Florida ti 2008 nìyẹn, l'Amẹ́ríkà, kì í ṣe ti Nàìjíríà.