Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Matilda, níbo ló sì ti wá?

Èdè àwọn ará Jámánì àtijọ́ ni Matilda ti wá. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: “maht”, ìyẹn agbára, àti “hild”, ìyẹn ogun. Alágbára lójú ogun ni ká pè é. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé obìnrin ló ń jẹ́ ẹ. “Hild” yìí kan náà ló wà nínú Hilda àti Brunhilde.

Ẹni mímọ́ ni ìjọ Kátólíìkì ka Matilda, ìyàwó Henry Kìíní ọba Jámánì, tó kú ní 968 sí. Àwọn ará Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ló gbé orúkọ náà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ní 1068 ni wọ́n dé Matilda ará Flanders, ìyàwó William Aṣẹ́gun, ará Normandy tó gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ládé. Èyí tó wú mi lórí jù ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ tóun náà ń jẹ́ Matilda. Ó bá Stephen, ọmọ ìbátan rẹ̀, du ìtẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ogun ọlọ́pọ̀ ọdún. Kò dé adé náà, àmọ́ Henry Kejì, ọmọ tó bí, jọba ní 1154.

Orúkọ náà Maud, Matilda ni. Ẹnu àwọn Faransé ló gé e kúrú.