Bàbá Ọdẹ Ń Dáhùn: Ìbọn Tí Wọ́n Ń Ki Láti Ẹnu

*Bàbá Ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà mi tó jẹ́ ọdẹ kú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n pín ogún, ṣakabùlà wọn ló kàn mí. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mi ò yìnbọn rí, àmọ́ mo fẹ́ kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi ló wà báyìí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? – Ọmọ Ìtọ́kò*

Ọmọ mi, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọdẹ àtijọ́, tí wọ́n bá ti igbó dé tí wọn ò rẹ́ran, wọn kì í tú ìbọn, bí wọ́n ṣe ki ìbọn lọ náà ni wọ́n ṣe máa gbé e kọ́, ẹ̀tù sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kó má bàjẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà yẹn, ìbọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lókè ilẹ̀kùn abà wa lọ́nà Ọ̀dẹ́dá, ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án, mo bá mú un, mo kọjú ẹ̀ sókè, mo fa apátí, eré ni mò ń ṣe. Ó dún. Páànù igun abà yẹn fò lọ, àbúrò mi obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ni, ó ń lọ pọnmi. Títí dòní, tí mo bá rántí, ara mi máa ń bù máṣọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ìbọn ní apátí kò lápátí, ta ni í jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ kọ òun?

Báyìí, gbé e síta, kọ ẹnu ẹ̀ síbi tí èèyàn ò sí, ìwọ náà má dúró níwájú ẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í máa ń wà lábẹ́ irin ẹ̀, yọ ọ́, tì í wọ ẹnu ìbọn jẹ́jẹ́ títí tó fi máa dúró, kó o wá fi èékánná di ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba mú lára ọ̀pá yẹn. Fà á yọ, tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà níta, kí ibi tó o dì mú wà ní ẹnu ìbọn. Tí orí ọ̀pá bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, òfìfo ni. Tó bá ṣẹ́ kù bí ìka mẹ́ta mẹ́rin kó tó débẹ̀, nǹkan wà nínú ẹ̀ nìyẹn, má fọwọ́ kan apátí, má gbé e sún mọ́ iná, lọ pe àgbà ọdẹ tó mọṣẹ́ kó wá tú u.

Ìkejì ni láìsẹ́ǹsì. Láìsẹ́ǹsì bàbá àgbà ẹ ò di tìẹ torí pé o jogún ìbọn. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, ní ṣakabùlà náà gbọ́dọ̀ ní láìsẹ́ǹsì, wọn kì í sì í fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, àti ọ̀mùtí. Lọ bá àwọn ọlọ́pàá fúnra ẹ, kó o lọ bá Olúọdẹ àdúgbò yín náà kí wọ́n mọ̀ ẹ́, torí ọwọ́ àgbà ọdẹ ni wàá ti kọ́ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe nínú ìwé tèmi nìkan.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹni tó mọ irin yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹ. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ wọnú, má yìn ín láéláé. Irú ìbọn yìí ló wà lọ́wọ́ àwọn bàbá wa lóṣù kẹta 1851 tí àwọn ará Dàhómì wá ká wa mọ́ ẹnubodè Arò l'Ábẹ́òkúta, torí náà kò sí ìtìjú kankan nínú kó o gbé e kọ́ ara ògiri fún ìrántí, iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe tán.

Tó bá sì dáa, fi òfìfo kọ́ ara ẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Yọ òkúta ìṣáná ẹ̀, fi pátákó kékeré síbẹ̀ kó má baà fọ́, kó o máa gbé e léjìká, kó o máa fa apátí, kó má mì. Ẹ̀tù wá gbẹ̀yìn. Ohun tó ń dùn mí jù nípa àwọn ọdẹ wa nìyí o: wọ́n máa ń fi ojú wọn ẹ̀tù, tó bá wá di ìsìnkú ọdẹ, wọ́n á tún bù kún un kó lè dún dáadáa, bí irin ṣe ń bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ nìyẹn. Jẹ́ kí àgbà tó ń kọ́ ẹ gé ọparun kékeré tó jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀tù ìbọn tìẹ, kó o má kúrò lórí ẹ̀. Ẹ̀tù inú kátíríìjì ìgbàlódé ńkọ́? Má dánwò. Agbára ẹ̀ ju ohun tí irin yẹn lè gbà lọ, ẹ̀tù dúdú nìkan ni.

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìjẹ̀mọ̀ ni mí, Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Láti 1974 ni wọ́n ti ní àsìkò tí wọ́n ń fi ìbọn olókùúta, èyí tí òkúta ń ṣáná fún, dẹ àgbọ̀nrín níbí lẹ́yìn Kérésìmesì, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ní kí n bá wọn lọ. Mo ti ra ríìfù .50 (inú irin ẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì), mo gbàwé àṣẹ, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ibùdó ìyìnbọn, kò ba àmì lẹ́ẹ̀kan. Ṣé bíi ṣakabùlà náà ni? – A.K.*

Rárá o, àbúrò mi. Inú irin ṣakabùlà dán ni. Ti ríìfù, wọ́n fín ilà sínú ẹ̀ tó ń wé lọ bí ìtàkùn ṣe ń wé mọ́ igi, ilà yẹn ló ń mú ọta yí bí òkòtó, ohun tó bá sì ń yí bí òkòtó kì í yà kúrò lójú ọ̀nà bọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ gan-an ló ti gbilẹ̀, àwọn arọbọn tó wá láti Jámánì ló ń rọ ọ́ ní agbègbè Lancaster láàárín ọdún 1700 sí 1800.

Àmọ́ ọta ò ní yí tí kò bá di ilà yẹn mú. Ọta .490 ni kó o rà fún .50, kí àyè lè wà fún aṣọ tó máa wé e. Aṣọ òwú ni o, nílọ́ọ̀nù máa yọ́ mọ́ inú irin. Fi ọ̀rá ẹran tàbí ìda oyin pa á, má fi gírísì mọ́tò. Ẹ̀tù 50 gréènì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù) ti tó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, inú ìwọ̀n ni kó o ti dà á sẹ́nu ìbọn, má dà á tààrà látinú ìwo ẹ̀tù, torí ẹyin iná kékeré lè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ látorí èyí tó o yìn ṣáájú. Ti ọta náà títí tó fi máa jókòó lé ẹ̀tù gbáà, tí àyè bá ṣófo láàárín wọn, irin lè bẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tó o bá kì í dáadáa, fá àmì sára ọ̀pá níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, àmì yẹn ni kó o máa wò títí ayé. Má di ọ̀pá yẹn mú lókè jù, ó lè ṣẹ́ kó gún ẹ lọ́wọ́. Ẹ̀tù inú àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ ìbọn ló máa kẹ́yìn.

Ní ti àmì tí o ò bà, mo rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe ẹ́. Tó o bá fa apátí, òkúta á ṣáná, ẹ̀tù inú àwo á gbiná puu, kí ti inú tó dún gbàù. Àárín puu àti gbàù yẹn lo ti ń gbórí sókè wo ibi tí ọta gbà. Ka ení, èjì, kó o tó gbórí. Gbé àmì wá sí yáàdì 25 ná, kó o fi aṣọ tútù díẹ̀ nu inú irin lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Tó bá ṣe puu tí ò ṣe gbàù, dúró bó o ṣe wà, kí ẹnu ìbọn má kúrò lọ́ọ̀kán, ó kéré tán ìṣẹ́jú kan gbáko, torí ó ṣì lè dún. Dí etí, kó o wọ gíláàsì.

*Bàbá, ọkọ mi máa ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìbọn ẹ̀ tó bá ti oko ọdẹ dé. Ṣé kò ní dípẹtà? Inú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kó ẹ̀tù sí. – Ìyá Ìbejì, Láfẹ́nwá*

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó máa fọ̀ ọ́, òun ló tọ̀nà. Ìdọ̀tí tí ẹ̀tù ń fi sílẹ̀ ló ń fa omi mọ́ra, tó bá sùn mọ́jú níbẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá ìpẹtà. Kó nù ún gbẹ, kó fi òróró pa á tinú tòde.

Agolo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mi ò lè gbà. Àwọn ìbejì ń ṣeré nílé, tí iná bá lọ ẹ̀ ń tan àbẹ́là. Kó má tọ́jú ju ìwọ̀nba tó máa lò, kó wà níbi gbígbẹ tó jìnnà sí iná, inú àpótí tó ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kó gbé e kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní.