Èrè kékeré, ọjà yíyá: ohun tí òwò wáyà fojú mi rí

Arákùnrin wa tó kọ̀wé láti Ọ̀fà, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ẹ ní bàbá yín tó fi ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé sílẹ̀ fún yín kọ́ yín pé "èrè kékeré, ọjà yíyá", ẹ kò sì yà kúrò nínú rẹ̀ rí, síbẹ̀ àwọn pẹpẹ yín túbọ̀ ń ṣófo lóṣooṣù. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrẹ́jẹ ni kí ènìyàn fi owó tuntun ta ọjà tó ti rà kí nǹkan tó gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi ní Ìlọrin níbí, níbi tí mo ti ń ta wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn.

Ìyá mi ló fi ọgbọ́n kan náà kọ́ mi. Ata ni wọ́n ń tà ní ọjà Ìpàta. Wọ́n á ti dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè bá àwọn tó ń já ata sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ná an, èrè tí wọ́n sì ń fi lé e kì í tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, nítorí náà ata tiwọn ló máa ń kọ́kọ́ tán. Èrè díẹ̀díẹ̀ yẹn ni wọ́n fi rán èmi àti àwọn àbúrò mi lọ sí ilé ìwé, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni ohun tí mo fojú ara mi rí. Ohun tí n kò fiyè sí ni pé ata tí wọ́n rà ní ìdájí ti di owó kí oòrùn tó wọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, owó náà á tún ra apẹ̀rẹ̀ tó tó ti àná. Wáyà kò rí bẹ́ẹ̀. Róòlù tí mo bá gbé láti Alábà ní Èkó lè wà lórí pẹpẹ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí oníṣẹ́ iná tó wá rà á, ohun tó sì ń bá náírà láàárín oṣù mẹ́ta náà kò sí ní ìkáwọ́ mi.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báńkì tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,500 nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi máa parí. Yálà òkèèrè ni wọ́n ti ṣe wáyà tàbí ilẹ̀ wa níbí, kọ́pà ló wà nínú rẹ̀, dọ́là ni kọ́pà sì ń tẹ̀ lé. Owó ọkọ̀ tó ń kó ẹrù gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa náà ń gòkè.

Ní gbogbo àkókò yẹn, iye tí mo ra ọjà ni mò ń wò, tí mò ń fi èrè díẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mo ra róòlù kan ní ₦20,000, mo sì tà á ní ₦22,000. Nínú ìwé mi, mo ti jèrè ₦2,000. Bí mo bá padà dé Alábà, wọ́n á ní ó ti di ₦26,000. Bí mo bá ta mẹ́wàá, owó rẹ̀ kò lè gbé ju mẹ́jọ padà, ìyẹn bí n kò bá tíì yọ owó oúnjẹ kankan nínú èyí tí mo pè ní èrè. Ọjà mi sì ń yá nígbà náà ju ti ìgbàkigbà rí lọ! Láti Tanke ni àwọn oníṣẹ́ iná ti ń wá, wọ́n ń yìn mí pé n kì í já ènìyàn jẹ. Ojú owó ni mò ń tà fún wọn. Ní ìparí ọdún 2023, mo ṣí ìwé, mo rí èrè ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo gbójú sókè, mo sì rí pẹpẹ mẹ́ta tí kò sí nǹkan kan lórí wọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo sì sunkún.

Láti ìgbà náà ni mo ti pa owó kíkà tì, ọjà ni mò ń kà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí a tó lọ kírun, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi á ka gbogbo róòlù àti páálí tó wà nílẹ̀, a ó sì ka iye tí owó ọwọ́ wa lè rà ní ọjọ́ náà mọ́ ọn. Bí ogójì róòlù bá bẹ̀rẹ̀ oṣù, tí a jẹun, tí a san owó ṣọ́ọ̀bù, tí ogójì sì ṣì pé, a kò pàdánù nǹkan kan. Bí ó bá di márùndínlógójì, mo ti pàdánù, iye yòówù kó wà ní báńkì. Ní àràárọ̀, mo máa ń pe ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, iye ọjọ́ náà ni mo sì fi ń ta ọjà, iye yòówù kí n ti rà á; mo máa ń kọ ọ́ sí ara pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kí oníbàárà má baà rò pé ojú òun ni mo wò tí mo fi dá iye.

Ní ti ìrẹ́jẹ tí ẹ bẹ̀rù, èmi náà kò sùn lórí rẹ̀. Mo lọ bá àáfà àdúgbò wa. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn bẹ Ànábì pé kí wọ́n bá àwọn dá iye lé ọjà, wọn kò sì gbà; ohun tí wọ́n kọ̀ fún oníṣòwò ni kí ó kó ọjà pamọ́ títí yóò fi wọ́n sí i. Mo di èyí mú. N kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà rí láti dúró de iye ọ̀la.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì tó dunni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, dọ́là wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦1,150, iye wáyà sì rọlẹ̀ ní Alábà, bẹ́ẹ̀ ni iye oṣù kejì ni mo fi ra ẹrù tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fi iye òní tà nígbà tó gòkè kò gbọdọ̀ sá fún un nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀. Mo tà á ní iye tí kò tó èyí tí mo fi rà á, ó sì dùn mí dé egungun. Síbẹ̀, owó róòlù mẹ́wàá tí mo tà ra mẹ́wàá padà.

Àwìn ló tún kù. Mo kọ́kọ́ rò pé kí àwọn oníṣẹ́ iná máa san iye tó bá wà nílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú owó wá, àáfà sì ní rárá, iye ọjà gbọdọ̀ hàn sí olùtà àti olùrà ní ọjọ́ tí wọ́n bá dúnàá-dúrà. Mo wá dín àwìn kù sí ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà mi pàtàkì lọ. Ọ̀kan ti padà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ata tèmi kì í sùn sọ́jà. Ìwọ lò ń ta ohun tó ń sùn." Nítorí náà, ẹ má ṣe yí iye gbogbo ọjà yín padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìṣó àti gílóòbù tó ń tán lójoojúmọ́, ẹ lè tà wọ́n bí bàbá yín ṣe kọ́ yín. Wáyà àti píìpù tó ń pẹ́ nílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà lọ́la, kí ẹ pe ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ iye òní sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ ṣírò rẹ̀.