Láti Maryland sí Chapel Hill: ǹjẹ́ ọmọ mi lè rọ́wọ́ mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland la ń gbé. Ọmọbìnrin mi àgbà máa wọ 12th grade lẹ́yìn ìsinmi yìí. SAT rẹ̀ (ìdánwò ìwọlé yunifásítì) jẹ́ 1450 nínú 1600, A ló sì pọ̀ jù nínú èsì rẹ̀. University of North Carolina ní Chapel Hill ló wù ú. Mo kà á pé nínú 100 tó bá béèrè, bíi 17 ni wọ́n ń gbà. Àbúrò mi tó ń gbé ní Charlotte, North Carolina, ní kí ó wá lo àdírẹ́sì òun, kí wọ́n lè kà á sí ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ma. Ọmọ yín ti gbìyànjú gan-an, ó sì lè béèrè. Àmọ́ ẹ má fi 17 yẹn ṣe ìṣirò rárá, nítorí kì í ṣe tirẹ̀.

Owó orí àwọn ará North Carolina wà lára ohun tó ń gbé yunifásítì náà ró. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà fi pàṣẹ láti 1986 pé àwọn tó bá wá láti ìta, títí kan àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè, kò gbọdọ̀ ju 18 lọ nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹni tó bá ti ṣe JAMB rí mọ ohun tí catchment area ń ṣe. Ti Chapel Hill le jù ú lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá jẹ́ 4,700, nǹkan bí 850 àyè péré ló kù fún gbogbo ará ìta, àwọn tó sì ń dù ú ju 40,000 lọ. Ọmọ North Carolina, bíi 4 nínú 10 ni wọ́n ń gbà. Ará ìta, kì í pé 10 nínú 100; wọ́n ń gbà ju iye àyè tó wà lọ, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n gbà ló ń wá. Wọ́n da méjèèjì pọ̀ ni 17 tí ẹ rí fi jáde.

Bákan náà ni ti SAT. 1450 dà bí ẹni pé ó bọ́ sí àárín àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ló pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín àwọn ará ìta, lójú tèmi, ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá lè tún un ṣe kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí nọ́ńbà wọ̀nyí. Ẹ kọ orúkọ yunifásítì náà pẹ̀lú "Common Data Set", ìwé nọ́ńbà tí yunifásítì ń gbé jáde lọ́dọọdún, sórí Google, kí ẹ ṣí ti ọdún tó sún mọ́ jù, kí ẹ lọ sí apá C1. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ará ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ará ìta. Ẹ pín iye ará ìta tí wọ́n gbà sí iye ará ìta tó béèrè. Ní C7, ẹ wo ìlà tí wọ́n pè ní "State residency", kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kà á sí tó. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, kí n tó ka èsì rẹ̀ pàápàá.

A tó pọ̀ dára, àmọ́ wọ́n á wò ó bóyá inú kíláàsì tó le jù ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ti gbà á. Bí wọ́n bá ní AP Calculus (kíláàsì ìṣirò tó le, tó tó ti yunifásítì) tí kò sì mú un, wọ́n á rí i. Àwọn òbí kan ṣì ń rò pé jíjẹ́ adúláwọ̀ á ran ọmọ lọ́wọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ti fòpin sí ìyẹn ní June 2023, Chapel Hill gan-an sì wà lára àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó ṣì lè kọ ọ́ sínú essay.

Ti Charlotte: ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má ṣe é. Ibi tí òbí fi ṣe ilé ni òfin ń wò, ó sì gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 ó kéré tán. Ọmọ tó bá ti gbé lọ́dọ̀ ẹbí fún ọdún 5 léraléra, tí ẹbí náà ń tọ́ ọ bí ọmọ, òfin lè kà á sí ará ìpínlẹ̀ náà. Ti yín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí irọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ọmọ lè pàdánù àyè tó ti rí gbà.

Ọ̀rọ̀ owó wá ni. Ará ìpínlẹ̀ ń san nǹkan bí $9,000 lọ́dún fún owó ẹ̀kọ́, ará ìta ń san ju $40,000 lọ, ilé àti oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń fún ará ìta tí owó rẹ̀ kò tó ní ìrànwọ́ o, FAFSA àti CSS Profile, fọ́ọ̀mù tí ẹ máa fi sọ owó tó ń wọlé fún yín, ni wọ́n fi ń mọ̀. Ẹ lo Net Price Calculator orí ìkànnì wọn, tó ń ṣírò iye tí ẹ̀yin gan-an lè san, kí ọkàn ọmọ tó lọ jìnnà.

Kó béèrè fún early action (ìbéèrè tí wọ́n ń tètè fi ránṣẹ́, tí kò dè é mọ́ ibẹ̀) nínú oṣù kẹwàá, kó sì fi College Park àti UMBC, àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Maryland, kún un, níbi tí òun náà ti jẹ́ ọmọ ilé. Bí ó bá ṣì fẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn, ní University of Michigan, nǹkan bí ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ ará ìta.