Ẹni Tó Pè Mí Mọ Orúkọ Mi: Ìbéèrè Mẹ́ta Láti Ẹ̀pẹ́ Lórí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Láàárín oṣù kan ni lẹ́tà mẹ́ta yìí dé láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ inú wọn sì wọnú ara wọn débi pé ojú kan náà ni a ti fẹ́ dá wọn lóhùn. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé àti ti ẹgbẹ́ wọn kúrò.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹja ni mo ń tà ní Ọjà Olúwo, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹnì kan pè mí lórí fóònù. Ó pe orúkọ mi pé pérépéré, ó mọ iye tí mò ń dá lóṣù, ó ní òun ni akọ̀wé tuntun, àti pé àwọn fẹ́ tún àkọsílẹ̀ ṣe kí àwọn tó pín èrè ọdún. Mo ka BVN àti NIN mi fún un. Ó ní nọ́ńbà kan ń bọ̀ lórí fóònù mi, kí n ka ìyẹn náà. Nọ́ńbà yẹn wọlé lóòótọ́, àmọ́ oníbàárà kan ti dúró sí mi lórí pé kí n bá òun gé ẹja àrọ̀ tí òun rà, ni mo bá pa fóònù. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ọmọ mi, igbe ló fi ta. Ṣé owó mi ti lọ ni? Ìyá Ẹlẹ́ja, Olúwo.

Èsì: Ẹ kú ewu, Màmá. Owó yín kò tíì lọ, oníbàárà yẹn ló sì kó yín yọ. Lọ́jọ́ tó bá padà wá, ẹ fún un ní èènì tó nípọn.

BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, àti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ará ìlú tí àjọ NIMC ń fúnni, nọ́ńbà 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Kò sí èyí tó lè dá gbé owó jáde nínú àkáǹtì yín. Àmọ́ bí ẹnì kan bá so wọ́n mọ́ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù yín, wọ́n di ẹ̀wù tó lè gbé wọ̀ kó sì máa jẹ́ ẹ̀yin káàkiri: ó lè fi yá owó lórí àwọn áàpù tí ń yáni lówó kíákíá, ó sì lè lọ parọ́ pé líìnì òun sọnù, kí wọ́n bá a gbé nọ́ńbà yín sórí síìmù tuntun. OTP, ìyẹn nọ́ńbà onígbà díẹ̀ tó ní kí ẹ kà fún òun, ni kọ́kọ́rọ́ gan-an. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kankan kò ní ohun tí yóò fi í ṣe, òṣìṣẹ́ báńkì pàápàá kì í béèrè rẹ̀.

Ẹ lọ sí báńkì yín fúnra yín, ẹ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì yí PIN yín padà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín bá ṣàdédé kú nígbà tí ti àwọn ará ọjà yòókù ń ṣiṣẹ́, ẹ má jókòó dúró dè é. Ẹ lọ bá àwọn tó ni líìnì náà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí báyìí ni jíjí síìmù gbé ṣe máa ń kọ́kọ́ fara hàn. Bí ó bá tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ọmọ yín bá yín béèrè àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ fún láṣẹ láti máa tọ́jú irú rẹ̀. Òfin ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ gbèsè fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fi orúkọ yín jẹ gbèsè.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà yín ni pé ẹni yẹn mọ iye tí ẹ ń dá. Kò lè lá a lálàá. Inú ẹgbẹ́ yín ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, bóyá láti inú ìwé tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, bóyá láti ọwọ́ ẹni tó ń bá wọn tẹ̀wé. Ẹ bi wọ́n ní ìpàdé, kí ẹ sì ní kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn yòókù, nítorí kò dájú pé ẹ̀yin nìkan ló pè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja mọ̀ pé a kì í dúnàádúrà ẹja tó ṣì wà nínú omi; bí ẹnikẹ́ni bá tún pè pé òun ni akọ̀wé, ẹ ní kó dúró dè yín di ọjọ́ ìpàdé.

Ìbéèrè: Jórinjórin ni mí ní agbègbè Ayétòrò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí n kò wọ̀ rí kọ̀wé sí mi pé ẹni tí mo ṣe onídùúró fún ti sá lọ, kí n wá san 350,000 náírà. Fọ́tòkọ́pì káàdì ìdìbò mi wà lára fọ́ọ̀mù wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni náà rí. Mo rántí pé mo gbàgbé irú fọ́tòkọ́pì bẹ́ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan lọ́dún tó kọjá. Ṣé kí n san díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má baà fi ọlọ́pàá mú mi?

Èsì: Arákùnrin wa, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá san díẹ̀ nínú gbèsè ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ ẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n gbé ojúlówó fọ́ọ̀mù náà síwájú yín níṣojú ìgbìmọ̀ wọn, kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ wo ìbuwọ́lùwé, ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ní ó jẹ́ tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ kò dúró fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún yín pé àwọn gbà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí kí àwọn tó fi yín sùn, kí ẹ sì ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀daràn ni ẹni tó fi ìdánimọ̀ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì, lábẹ́ òfin ọdún 2015 tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìgbìmọ̀ náà bá kọ etí ikún, Alausa ní Ìkẹjà ni kí ẹ gbé e lọ, níbi tí iléeṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi: ẹgbẹ́ yẹn gan-an ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Ní àwọn ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ ní í dúró fún ọmọ ẹgbẹ́, nítorí owó onídùúró wà lọ́wọ́ wọn, ojú rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ta ló rí yín? Ta ló bá yín sọ̀rọ̀ kí owó tó jáde? Bébà ni wọ́n gbà ní onídùúró.

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́jà ni mí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí a máa ṣe gbogbo nǹkan lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí a ṣe sí ìwé àwọn ènìyàn tó wà lọ́wọ́ wa?

Èsì: Ẹ̀rù yín tọ́. Nígbà tí Friedrich Wilhelm Raiffeisen dá ẹgbẹ́ ayánilówó sílẹ̀ ní Heddesdorf, ní Jámánì, ní ọdún 1864, orí mímọ ara ẹni ládùúgbò ni ó gbé e lé, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn ẹgbẹ́ tiwa dúró lé láti ìgbà tí òfin alájẹṣẹ́kù ti dé Nàìjíríà ní ọdún 1935. Ẹ lè lo fóònù láti sọ iye owó tó wà nílẹ̀ àti láti pe ìpàdé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, tàbí àkáǹtì tí ẹ̀yáwó yóò wọ̀, kó wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀, kí alága àti akápò jọ buwọ́ lù ú. Bí àìsàn kò bá jẹ́ kó lè wá, ẹ pè é padà lórí nọ́ńbà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má pe èyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbé wá. Ẹ rántí pé NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó àwọn tó fi pamọ́ sí báńkì, kò dá sí owó inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí owó bá gba ọwọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ olè, ẹ̀yin náà ni ẹ ó wá a.

Ní ti ìwé, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 kan ẹgbẹ́ kékeré náà. Ẹ má gba èyí tí ẹ kò nílò. Èyí tí ẹ bá gbà, ẹ kọ ọ́ gba àárín fọ́tòkọ́pì náà kọjá pé "fún ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ nìkan", pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí. Mo ti ra àkàrà rí tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù dì fún mi, orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni hàn ketekete lábẹ́ epo. Èyí tí ìgbà rẹ̀ bá ti kọjá lọ́wọ́ yín, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra bébà. Ẹ kó o lọ sí ààrò tí àwọn ìyá ti ń yan ẹja, ẹ sun ún níṣojú ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ìpàdé.