Ẹ Bi Wá Nípa Ẹ̀rọ Orin: CD Player Wo Ló Yẹ Ká Rà?

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí CD player: èyí tó ń fo orin, èyí tí kò ka àwo mọ́, èyí tí ẹni tó ni ín fẹ́ fi tuntun rọ́pò. A mú márùn-ún nínú wọn síbí. Ti àkọ́kọ́ la dáhùn gùn jù, torí pé inú rẹ̀ ni ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, orin ló kù tí mo fi ń gbádùn ara mi. Mo ní amplifier kan, sípíkà méjì àti CD player tó ti lé ní ogún ọdún. Ó ti ń fo orin báyìí, pàápàá tí àwo bá ti ń parí lọ. Àbúrò mi ní kí n ra tuntun, pé ohùn rẹ̀ yóò yàtọ̀ bí ọ̀sán òun òru. Àpàlà àti jùjú ni mo ń gbọ́ jù. Kí ni kí n rà? Ṣé òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ ohùn yẹn? — Òǹkàwé, Bódìjà

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ìsinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ohùn. Ire ni àbúrò yín ń fẹ́ fún yín, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni orin tó wà lára CD. Ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti òsì lọ́tọ̀, ti ọ̀tún lọ́tọ̀. Bí Sony àti Philips ṣe là á kalẹ̀ kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó dé ọjà ní 1982 náà ló wà títí dòní. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kò ju pé kó ka nọ́ńbà yẹn láìṣì í kà, kí ègé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní DAC sì sọ ọ́ di ohun tí amplifier lè lò. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe DAC ti mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Tí ẹ bá gbé CD player méjì tí ara wọn yá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹ sì mú kí wọ́n lọ sókè dọ́gba, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kéré gan-an.

Bó bá jẹ́ pé ohùn lẹ fẹ́ kó yàtọ̀, ẹ fa sípíkà yín kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Ẹ gbé wọn sórí nǹkan, kí sípíkà kékeré tó wà lókè wà ní déédéé etí yín níbi tí ẹ ń jókòó sí. Ẹ ò ní ná kọ́bọ̀, ẹ ó sì gbọ́ agídìgbo lọ́tọ̀, ẹ ó gbọ́ ṣẹ́kẹ́rẹ́ lọ́tọ̀. Kíkà àwo ló yẹ kó mú èèyàn pààrọ̀ CD player. Ìyẹn náà ló sì ń dà yín láàmú.

Ìdí tó fi ń fo níparí rèé. Láti àárín ni CD ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí etí. Ní àárín, àwo ń yí bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá fi máa dé etí, ó ti rọra wálẹ̀ sí bí 200. Etí ni àwo ti máa ń mì sókè sódò jù, pàápàá èyí tó ti tẹ̀ díẹ̀, lẹ́ńsì, ìyẹn ojú tí ẹ̀rọ fi ń ka àwo, sì gbọ́dọ̀ máa bá a sókè kó máa bá a sódò. Lẹ́ńsì tí eruku ọyẹ́ ti bò kò lè bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gírísì tó wà lójú irin tí lẹ́ńsì ń rìn lórí rẹ̀: ooru àti ọdún máa ń sọ ọ́ di nǹkan líle bí oje igi, lẹ́ńsì á wá há kó tó dé ìparí.

Nítorí náà, ẹ tún un ṣe ná kí ẹ tó náwó. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná. Ìmọ́lẹ̀ léésà inú rẹ̀ kò hàn sójú dáadáa, àmọ́ ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ tú ìdérí rẹ̀. Lẹ́ńsì ni ohun kékeré tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀, tó ń kọ bí aró tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ẹ fi owú ìnutí kan sínú ọtí isopropyl tó jẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán (àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in), ẹ fún un kó má máa ro. Ẹ fi kan lẹ́ńsì bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ tuntun, láti àárín lọ sí etí, torí pé wáyà tó gbé e dúró tín-ín-rín bí irun orí. Ẹ fi owú gbígbẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbẹ. Ẹ má lo spirit aláwọ̀ aró tí wọ́n ń tà fún ìtanná, ẹ má sì lo ògógóró: àwọn méjèèjì máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ sójú rẹ̀. Ẹ nu gírísì àtijọ́ kúrò lójú irin, kí ẹ fi gírísì funfun tuntun tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ síbẹ̀. Bí ibi tí wọ́n ń gbé àwo sí bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ṣí dé ìdajì, bẹ́líìtì rọ́bà rẹ̀ ló ti fà. Owó kékeré ni bẹ́líìtì.

Ohun kan wà tí a bẹ̀ yín kí ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì ni ṣúkúrù kékeré kan máa ń wà, tí kò ju orí ìṣáná lọ. Àwọn kan á yí i díẹ̀, ẹ̀rọ tí kò ka àwo mọ́ á sì ta jí lójú yín. Iná tó ń lọ sínú léésà ni wọ́n fi kún. Kò ní pẹ́ tí léésà yẹn á fi jóná pátápátá, tí a ò sì ní rí i lò mọ́.

Tó bá ṣì ń fo lẹ́yìn gbogbo èyí, léésà ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ KSS-213 tàbí ọ̀kan nínú ìran rẹ̀, ẹ lè rí òmíràn rà, torí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló lò ó. Ẹ sọ fún ẹni tó máa fi í sí pé lára ọ̀pọ̀ léésà tuntun ni wọ́n ti máa ń jó òjé kékeré kan mọ́ ọn, kí iná ara èèyàn má bà á jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ òjé yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so ó mọ́ ẹ̀rọ tán. Bí wọn ò bá yọ ọ́, ẹ̀rọ á máa sọ pé kò sí àwo nínú òun, wọ́n á sì ní léésà tí ẹ rà kò dára.

Bó bá wá di rírà, Yamaha CD-S303 àti Marantz CD6007 la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn méjèèjì ní ihò pupa àti funfun fún amplifier àtijọ́ bíi tiyín, wọ́n ní ihò dígítà méjì lẹ́yìn (ibi tí nọ́ńbà orin ń gbà jáde láìtíì di ohùn), wọ́n sì ní ibi tí ẹ lè ki USB sí níwájú. Marantz ní ihò headphone tó dára, bí ìyàwó ilé bá ń sùn. Ẹ ṣọ́ra fún Cambridge Audio CXC o. Ẹ̀rọ tó dáńgájíá ni, àmọ́ kò ní DAC nínú. Ihò dígítà nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí amplifier rẹ̀ kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ ohùn kankan, àfi tó bá tún lọ ra DAC lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Mo rí CD player tọkúnbọ̀ kan ní àdúgbò Queen Cinema, wọ́n kọ Made in Japan sí i lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ní iná Japan kì í ṣe irú tiwa. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀, báwo ni mo sì ṣe máa dán an wò kí n má bàa ra ìyọnu? — Òǹkàwé, Mọ́kọ́lá

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín sọ òótọ́ dé ìdajì. Made in Japan kò sọ irú iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AC, nítòsí wáyà iná, ni kí ẹ kà. 100V ni wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan fúnra wọn, 120V ni ti Amẹ́ríkà, 220 sí 240V ló bá tiwa mu. Àwọn kan ní ibi tí ẹ ti lè yí i padà lẹ́yìn. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó kì í bọ iná. Tí ẹ bá ki ẹ̀rọ 100V bọ 230V, fíùsì tí wọ́n fi pamọ́ sínú transformer rẹ̀ lè já, ìyẹn kì í sì í ṣe fíùsì tí èèyàn ń pààrọ̀ bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ ra stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín fólítì iná kù. CD player kì í jẹ ju 10 sí 25 wáàtì lọ, nítorí náà stepdown 100 wáàtì ti tó. Fún ẹ̀rọ Japan, ẹ béèrè èyí tó ní 100V, nítorí 110V ti pọ̀ díẹ̀ jù fún un.

Ní ti ìdánwò, àwo tiyín ni kí ẹ mú dání, torí pé àwo kan ṣoṣo tó mọ́ nigínnigín ni ọlọ́jà fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ mú mẹ́ta: ojúlówó kan tó gùn ju 70 ìṣẹ́jú lọ, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ti ha díẹ̀, àti ọ̀kan tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ. Nọ́ńbà orin gbọ́dọ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí ẹ ti ti àwo sí i. Ẹ lọ sí orin tó kẹ́yìn tààrà, ẹ jẹ́ kó kọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá padà sí ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ń gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó, kó máa kọrin fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, torí pé àìsàn léésà àti ti kápásítọ̀ máa ń fara pamọ́ títí ara ẹ̀rọ á fi gbóná. A mọ̀ pé ọlọ́jà lè máa kanra. Ẹ rọra bẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì dìde.

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ díẹ̀ náà kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Lára àwọn ti àtijọ́ kan, ṣúkúrù ìrìn-àjò kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi de inú rẹ̀ kó má mì nínú ọkọ̀. Tí wọn ò bá tú u, àwo kò ní kà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n ta ẹ̀rọ tó dára ní ọ̀pọ̀ nítorí ṣúkúrù yẹn.

Ìbéèrè: Mo so CD player tuntun mọ́ amplifier mi, ohùn rẹ̀ ń ya, ó sì ń dún gbì-gbì bíi pé wọ́n da aṣọ bo sípíkà. Ibi tí wọ́n kọ Phono sí ni mo so ó mọ́. Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́? — Òǹkàwé, Challenge

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹ tètè yọ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ CD, Aux tàbí Line. Abẹ́rẹ́ àwo ńlá ni wọ́n ṣe Phono fún. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń mú wá kò ju ìdá kékeré nínú fólítì kan lọ, nítorí náà Phono máa ń sọ ọ́ di ńlá, ó sì máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kún un. Fólítì méjì gbáko ni CD player ń mú wá. Ẹ yí ohùn amplifier wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó tún wáyà yẹn kì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. CD player tí mo rà kò ka àwo fújì tí mo ra létí títì, tí wọ́n ní ọgọ́rùn-ún orin ló wà nínú rẹ̀. DVD player mi sì ń kà á. Èwo ló ṣe é? — Òǹkàwé, Òkè-Àdó

Ìdáhùn: CD gidi kò lè gbà ju 80 ìṣẹ́jú lọ. Àwo tó ní ọgọ́rùn-ún orin, fáìlì MP3 ló wà nínú rẹ̀, bíi ti kọ̀ǹpútà. CD player tí wọn ò kọ MP3 sí níwájú tàbí sínú ìwé rẹ̀ kò mọ ohun tó máa fi í ṣe. Tí DVD player yín bá ní ihò pupa àti funfun, ẹ so ó mọ́ amplifier, ẹ máa fi í gbọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ẹ má fi irú àwo bẹ́ẹ̀ sójú oòrùn tàbí sínú mọ́tò, torí pé aró ni wọ́n fi kọ ọ́, aró a sì máa ṣá.

Nígbà tí ẹ bá ń nu àwo, láti àárín tààrà sí etí ni kí ẹ máa nù ún, ẹ má nù ún yíká bí abọ́. Ẹ̀rọ lè tún àyè tí ó sọnù ṣe lójú ìlà tín-ín-rín tí orin gbà yípo lára àwo, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ju bíi mílímítà méjì ààbọ̀ lọ. Ojú híha tó dábùú ìlà kò gba àyè púpọ̀ lójú ìlà kan. Èyí tó bá ìlà rìn ló ń pa orin. Ojú tí wọ́n kọ̀wé sí gan-an ló sì gbẹgẹ́ jù, torí pé abẹ́ ọ̀dà ibẹ̀ ni ìpele tó ń dán bíi fàdákà, tó gbé orin dúró, wà. Ẹ gbé àwo sókè síwájú gílóòbù: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbi tó ti ha, orin ibẹ̀ ti lọ.

Ìbéèrè: Tí mo bá fi iná ìjọba gbọ́ orin, kò sí wàhálà. Tó bá di inverter, CD player àti amplifier á máa kùn hùn-ùn. — Òǹkàwé, Mọ́níyà

Ìdáhùn: Ó jọ pé irú inverter tí kì í ṣe pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba) ni ẹ ń lò, iná rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò ní ìgun-ìgun, transformer inú ẹ̀rọ orin á sì máa kùn. Àyípadà inverter nìkan ló lè pa á rẹ́ pátápátá. Títí dìgbà náà, ẹ so CD player àti amplifier mọ́ extension kan náà, ẹ jẹ́ kí wáyà orin jìnnà sí wáyà iná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì yín nítorí pé ó fẹ́ kí kíkùn náà dáwọ́ dúró.